Ọwọ́ Bàbá Eléfinrin ní Ìsàlẹ̀ Àpò

Wọ́n ti sin ín. Wọ́n ti fọ ìkòkò, wọ́n ti tú àtíbàbà, àwọn tó wá láti Èkó ti padà sí Èkó. Gbogbo ohun dídùn tí ènìyàn lè kà lórí òkú ni wọ́n kà lórí bàbá ìyá mi, ẹni tí gbogbo Emùré ń pè ní Bàbá Eléfinrin. Wọ́n ní ó tutù bí omi àmù. Wọ́n ní kò bá ẹnikẹ́ni jà rí títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Irọ́ ni. Bàbá jà. Ó bá ọlọ́jà jà, ó bá díákónì jà, ó bá ọmọ bíbí inú rẹ̀ jà ní gbangba, kò sì parí ìjà yẹn kó tó lọ. Inú ń bí mi pé wọ́n kọ́kọ́ fi oyin bò ó mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó fi erùpẹ̀ bò ó. Nítorí náà, ẹ fún mi láyè kí n jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí. N kò kánjú. Ẹni tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní ibi tó ń lọ mọ́.

Ọwọ́ rẹ̀ ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá bá Bàbá lọ sí ọjà, kò ní bèèrè iye tí wọ́n ń ta nǹkan kó tó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Yóò ki ọwọ́ bọ inú àpò ẹ̀wà tàbí àpò gàrí títí dé ìgúnpá, yóò hú ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ jáde, yóò gbé e sí imú, yóò wá ju ẹyọ kan sẹ́nu. Àwọn ìyá ọjà kórìíra rẹ̀ dé góńgó. Ọ̀kan wà ní Ìsẹ̀ tó dá a lóhùn lójú gbogbo ènìyàn pé ṣé báyìí náà ni ó ṣe ki ọwọ́ bọ ìyàwó rẹ̀ wò kó tó san ìdáná. Ọjà rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò yọ ọwọ́. Ó ní ìyàwó òun kò jókòó sínú àpò, àti pé ẹni tó bá ń to èyí tó dára sókè, tó ń sin òkú sí ìsàlẹ̀, kó má bínú bí wọ́n bá hú òkú rẹ̀ jáde. Nígbà tí a ń padà lọ sílé, ó sọ ọ́ fún mi ní èdè wa, nítorí kò fi èdè ìwé bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ rí, ì báà jẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

"Tíṣà," ó ní, "òkè àpò, ti ọlọ́jà ni. Ùsàlẹ̀ ni ti ẹni tí yóò jẹ ẹ́."

Tíṣà ló máa ń pè mí láti ọjọ́ tí mo ti gba iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìkẹ́rẹ́. Kò pe orúkọ mi mọ́.

Ẹni tí kò bá gbé ní ìhà tiwa lè má mọ ohun tó ń wá ní ìsàlẹ̀ àpò. Àgbàdo wa àkọ́kọ́ máa ń gbó nígbà tí òjò kò tíì fẹ́ sinmi. A ó yà á, a ó sá a sí ẹ̀gbẹ́ títì, òjò yóò tún dé, a ó gbá a jọ wọlé ní àbọ̀-gbígbẹ, a ó sì dì í sápò. Láàárín àpò yẹn ni yóò ti gbóná, tí yóò bu, tí yóò hu irun aláwọ̀ ewé. Kò sì sí ẹnikẹ́ni ní Emùré tó ń da àgbàdo nù. A ó ṣa èyí tó dára sọ́tọ̀ fún ògì, a ó wá da èyí tó bu síwájú adìyẹ àti ewúrẹ́. Àwọn ìyá wa ní ọ̀rọ̀ kan fún un, bí ẹni ka ẹsẹ Bíbélì: ohun tí ènìyàn kò jẹ, ẹran á jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Bàbá fi gbogbo ọjọ́ ogbó rẹ̀ bá jà. Adìyẹ ẹlẹ́yin ló ń sìn lẹ́yìn ilé, kò sì sí oúnjẹ tí yóò gbé fún wọn tí kò ní kọ́kọ́ tọ́ wò. Mo ti rí i tó ń jẹ oúnjẹ adìyẹ ní ìdúró bí ẹni jẹ gúgúrú. Nígbà ìkórè, ẹnìkan gbé àpò àgbàdo wá fún ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ níwájú pẹpẹ, ó sì gbé e jáde síta. Díákónì ní kí ló dé, ṣebí wọ́n á fún àwọn adìyẹ míṣọ̀n jẹ ni. Bàbá bi í léèrè bóyá òun díákónì kì í jẹ nínú adìyẹ míṣọ̀n. Díákónì ní ó ń jẹ ẹ́.

"Adìyẹ jẹ ìbàjẹ́, o jẹ adìyẹ," ni Bàbá wí. "Nísinsìnyí, ta ló jẹ ìbàjẹ́?"

Orúkọ Eléfinrin ńkọ́? Kí Bàbá tó gba Jésù, ọtí ògógóró ló ń sè. Ó ní àgbá irin kan àti páìpù bàbà gígùn tó ń gba inú ọpọ́n omi kọjá. Bí ọtí bá hó nínú àgbá, ooru rẹ̀ á gba inú páìpù, omi tútù á sọ ooru náà di ọtí padà, á máa kán tó, tó, tó, sínú ìgò. Nígbà tó di onígbàgbọ́, ó gbé ohun èlò náà sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó da ewé bò ó, kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí wọ́n wá dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń kó láti Àkúrẹ́ bọ̀ ní Adó, ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sin adìyẹ. Ìyáàfin kan láti ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn wá bá àwọn ọlọ́sìn adìyẹ sọ̀rọ̀ ní Emùré, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ tí kì í pariwo. Ó ní àgbàdo tó bu ń fi oró kan sílẹ̀ nínú oúnjẹ, ojú kò rí i, iná kò pa á, ẹ̀dọ̀ adìyẹ ni ó sì ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Ó ní àwọn onímọ̀ ti rí i pé òróró inú àwọn ewé olóòórùn kan, bí efinrin àti koríko ọba, máa ń dá ìbu náà dúró, ó sì máa ń ran ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ láti fara da oró díẹ̀, ṣùgbọ́n àgbàdo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbẹ lóòrùn. Bàbá bèèrè bí wọ́n ṣe ń gba òróró lára ewé. Ìyáàfin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: ẹ ó se ewé, ooru á gba inú páìpù, omi tútù á sọ ọ́ di òróró padà. Bàbá bú sẹ́rìn-ín débi pé gbogbo ilé wò ó. Ó ní òun ti kàwé yẹn tán láti ìgbà èwe òun, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá ló máa ń ṣe ìdánwò rẹ̀ fún òun.

Àwọn méjèèjì ló jọ ṣe é. Ìyáàfin náà ń wá láti Adó, ó ń kọ́ ọ ní ìwọ̀n tí adìyẹ lè gbà, nítorí àpọ̀jù á ta wọ́n lẹ́nu; Bàbá ń kọ́ ọ bí iná ṣe gbọ́dọ̀ rọra. Èéfín tún jáde lẹ́yìn ilé ìdáná wa, ìròyìn sì ti dé ṣọ́ọ̀ṣì kó tó di ìrọ̀lẹ́ pé Bàbá ti padà sídìí ọtí. Díákónì dé pẹ̀lú ojú líle. Bàbá kò bá a jiyàn, ó kán òróró díẹ̀ sí ṣíbí, ó ní kó tọ́ ọ wò bóyá ọtí ni. Díákónì lá a. Omi dà lójú rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ ta gìrì, ó wá omi mu kiri àgbàlá. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ Eléfinrin ti lẹ̀ mọ́ Bàbá.

Adìyẹ rẹ̀ sì dára. Ẹyin wọn le, ìyẹ́ wọn ń dán. Gbogbo ẹni tó bá wá tọrọ òróró ni ó ń fún, ṣùgbọ́n kò ní fún ọ kó tó bá ọ lọ sílé, kó ki ọwọ́ bọ àpò àgbàdo rẹ. Bí ó bá tutù, á ní kí o lọ sá a kí o tó wá. Ohun tí Ìyáàfin náà kọ́kọ́ sọ fún un ni ó ń sọ fún gbogbo ènìyàn, ó kàn sọ ọ́ di tiwa:

"Efinrin, alágbàṣe ni. Oòrùn ló ni uṣẹ́."

Àpò ọmọ rẹ̀ nìkan ni Bàbá kò ki ọwọ́ bọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ìbínú mi fẹ̀yìn tì.

Àbúrò ìyá mi, tí à ń pè ní Bọ̀dá Àkúrẹ́, wà lára àwọn tó kó wálé nígbà tí a di Èkìtì. Ó dá ilé ìlọ oúnjẹ adìyẹ sílẹ̀ ní oríta, ó ní òun fẹ́ máa lo òróró Bàbá nínú rẹ̀, kí iṣẹ́ bàbá òun má kú. Inú Bàbá dùn bí ọmọdé. Ìgò lórí ìgò ni ó ń gbé fún un. Bọ̀dá ní kí wọ́n kọ orúkọ Bàbá Eléfinrin sára àpò, wọ́n sì kọ ọ́, ní lẹ́tà aláwọ̀ ewé. Àwọn obìnrin Emùré rà á nítorí orúkọ náà. Wọ́n mọ ọwọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tí adìyẹ rẹ̀ kú ni Ìyá Rẹ̀mí, opó tí ilé rẹ̀ kọjú sí ti Bàbá. Adìyẹ yẹn ni ó fi ń tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ṣíwọ́ ẹyin yíyé, ogbe orí wọn funfun, wọ́n wá ń wó lulẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbé òkú ọ̀kan wá, ó jù ú sẹ́sẹ̀ Bàbá. Kò kí i. Ó ní, "Bàbá, òróró yín rèé o. Ẹ fi pa mí tán."

Bàbá la adìyẹ náà níwájú rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti wú, ó ti di àwọ̀ pupa inú ẹyin, ó ń fọ́ lọ́wọ́. Bàbá wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó ṣí fìlà. Àwa tí a mọ̀ ọ́n mọ̀ pé bí Bàbá bá ti ṣí fìlà láìsí àdúrà, ìbínú ti dé nìyẹn. Ó ní kí n jẹ́ ká lọ sí oríta.

Kò dúró níwájú ilé ìlọ. Ó gba ẹ̀yìn lọ síbi tí wọ́n ń to àgbàdo sí. Ó ká apá aṣọ, ó ki ọwọ́ bọ àpò àkọ́kọ́. Àgbàdo náà dì mọ́ ara wọn bí èèpá, ó hu irun, ó sì ń ta sánsán efinrin. Èyí ni n kò lè gbàgbé: òórùn dídùn ni ó ń jáde lára ohun tó ti jẹrà. Bọ̀dá ń ra àgbàdo bíbu tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ̀, ó ń wọ́n òróró bàbá rẹ̀ sí i kí imú má baà mọ̀.

Bọ̀dá jáde, kò sá. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ṣebí Bàbá fúnra rẹ̀ ló sọ pé òróró náà ń bá oró jà, kí ló wá kù. Ó ní àgbàdo dáadáa kò sí nígbà òjò, kí Bàbá má sọ ọ̀rọ̀ di ńlá.

"Bàbá, adìyẹ ni o," ó ní. "Kì í ṣe ènìyàn."

"Ta ni yóò jẹ adìyẹ?" ni Bàbá bi í.

Bọ̀dá wọlé padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ìbéèrè yẹn ni kò tíì dáhùn títí di òní.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ẹbí pé jọ lé Bàbá lórí. Kì í ṣe lé Bọ̀dá lórí o, lé Bàbá! Ìyá mi, yèyé mi tí mo fẹ́ràn, kúnlẹ̀ fún un. Ó ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ó ní kí wọ́n sọ pé àrùn adìyẹ ni, àrùn adìyẹ kì í ṣe ohun tuntun, kí orúkọ ilé má bàjẹ́. Àwọn yòókù ní Àmín. Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá ọmọbìnrin rẹ̀ lóhùn.

"Bí mo bá dákẹ́," ó ní, "urọ́ yín á máa ta sánsán. Umú mi kò gbà á."

Nígbà tí ọjọ́ ọjà pé, tí àwọn obìnrin kún iwájú ilé ìlọ, Bàbá dé. Ó ru àgbá irin rẹ̀ lórí, ní ọjọ́ orí tí kò yẹ kó ru igbá omi. Ó so páìpù mọ́ èjìká, ó mú àáké dání. Kò jẹ́ kí n ràn án lọ́wọ́. Ó sọ àgbá náà kalẹ̀, ó sì fi àáké là á. Ó lù ú, ó sinmi, ó tún lù ú, títí irin fi ya. Ó ká páìpù náà pọ̀ títí ó fi ṣẹ́. Àwọn obìnrin yí i ká. Bọ̀dá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìlọ rẹ̀, ọwọ́ wà lápò.

"Òróró mi kọ́ ló pa adìyẹ yín," ni Bàbá wí. "Àgbàdo bíbu ló pa á. Ọmọ mi ló rà á, ọmọ mi ló lọ̀ ọ́, ó fi òróró mi bo òórùn rẹ̀, ó fi orúkọ mi bo ojú yín. N kò ki ọwọ́ bọ àpò tirẹ̀, torí pé èmi ni mo bí i. Ẹ má rà á mọ́."

Ó padà sílé, ó kó adìyẹ tirẹ̀, ó gbé wọn fún Ìyá Rẹ̀mí. Nígbà tí àwọn obìnrin mìíràn wá sunkún, ó fún àwọn náà, títí àgò rẹ̀ fi ṣófo. Kò sin adìyẹ mọ́. Ìyá Rẹ̀mí bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun dá méjì padà. Ó ní kó lọ tọ́jú wọn, kó sá àgbàdo rẹ̀ dáadáa.

Ẹ óò rò pé wọ́n gbé e gẹ̀gẹ̀ lẹ́yìn èyí. Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Bọ̀dá sọ kiri pé ogbó ti da Bàbá lórí rú. Nítorí pé òun ló bá ṣọ́ọ̀ṣì mọ ògiri àgbàlá, ṣọ́ọ̀ṣì gbà á gbọ́. Wọ́n sọ fún Bàbá pé kó sinmi nílé, kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu nípa àga àgbà ìjọ tó ti ń jókòó lé mọ́. Díákónì tó lá òróró nìkan ni ó ń wá kí i; mo gbọ́dọ̀ fi èyí yìn ín. Ìyáàfin ọ̀gbìn náà wá lẹ́ẹ̀kan, ó rí àgbá tó ya, ó sunkún. Ó ní òróró náà kò jẹ̀bi. Bàbá gbà pé kò jẹ̀bi, pé òun náà mọ̀.

"Aṣọ tó mọ́ ni," ó ní. "Wọ́n ń fi di òkú, Ìyáàfin. Mo kàn kọ̀ láti máa hun ún ni."

Bọ̀dá kò wọ ilé bàbá rẹ̀ mọ́ títí Bàbá fi kú. Lọ́jọ́ ìsìnkú ni ó wọlé, ó wọ aṣọ funfun, òun ló ka ìtàn ìgbésí ayé Bàbá sétí ìjọ, tó pè é ní aṣáájú nínú ìmọ̀ oúnjẹ ẹran. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Mo jókòó, mo ń payín keke.

Ọjọ́ kejì, nígbà tí ó ku ẹbí nìkan ní àgbàlá, ó gbé àpò oúnjẹ adìyẹ kan sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti tẹ àwòrán Bàbá sára rẹ̀, pẹ̀lú fìlà, pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó ní òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé ìlọ náà ní ọ̀tun, pé òun ti rí ẹni tí yóò máa bá òun se efinrin, kí ẹbí fọwọ́ sí i kí orúkọ Bàbá má parẹ́. Wọ́n tún ní Àmín. Àwọn tó ní Àmín lọ́jọ́sí náà ni.

Mo dìde. Mo ká apá aṣọ mi sókè. Bọ̀dá ní, "Tíṣà, kí lo ń wá níbẹ̀?" Mo ní ohun tí Bàbá máa ń wá ni. Mo tú ẹnu àpò, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ìgúnpá. Òkè rẹ̀ gbẹ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbóná bí àyà ẹni tí ibà ń ṣe. Mo hú ẹ̀kúnwọ́ kan jáde, n kò fi han Bọ̀dá, n kò fi han ẹbí. Yèyé mi ni mo gbé e lọ bá níbi tó jókòó sí, mo gbé ọwọ́ mi sí imú rẹ̀.

Efinrin ni ó kọ́kọ́ gbọ́. Mo rí i lójú rẹ̀, omi lé ròrò, nítorí òórùn bàbá rẹ̀ ni. Kò gbé imú kúrò. Ó tún fà á símú. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà.

Ó ní kí wọ́n mú àlùmọ́gàjí wá. Ó tẹríba síbi àpò náà, ó sì rọra gé ojú Bàbá kúrò lára rẹ̀, fìlà, ẹ̀rín, gbogbo rẹ̀, ó ká a, ó fi sínú aṣọ àyà rẹ̀. Oúnjẹ tú yàà sílẹ̀ láti ojú ihò náà. Àwọn adìyẹ Ìyá Rẹ̀mí, tí ìyá wọn ti inú àgò Bàbá jáde, gbọ́ ìró rẹ̀, wọ́n sáré rékọjá ọ̀nà. Yèyé mi tú gèlè orí rẹ̀, ó fi ń lé wọn, obìnrin tí ẹsẹ̀ ń dùn, ó ń sáré kiri àgbàlá.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Bọ̀dá wí, "adìyẹ ni o."

Yèyé mi kò wo ẹ̀yìn. Ó ti mú ìgbálẹ̀.

"Ta ni yóò jẹ adìyẹ?"